Ìwọ̀n Ẹ̀tù àti Ọta Ẹlẹ́nu Ṣóńṣó nínú Ìbọn Tí A Ń Ki Láti Ẹnu

Ṣakabùlà tí àwọn ọdẹ ìbílẹ̀ ń lò ní ọ̀dàn Ìgbẹ́tì jẹ́ ìbọn tí a ń ki láti ẹnu: ẹ̀tù ni yóò kọ́kọ́ wọlé, ọta yóò sì tẹ̀ lé e. Inú ọ̀pá rẹ̀ máa ń jọ̀lọ̀, nítorí náà ọta wẹ́wẹ́ ni ó bá a mu. Ọta ẹlẹ́nu ṣóńṣó nílò ìlà tó lọ́ yípo nínú ọ̀pá, kí ó lè máa yí bí òkòtó. Láìsí èyí, yóò takìtì, yóò sì tàsé. Ní ọdún 1849, Claude-Étienne Minié, ará Faransé, ṣe ọta tí ìdí rẹ̀ ní ihò. Agbára ẹ̀tù a fẹ ìdí náà títí yóò fi di ìlà mú.

Nínú ìbọn onílà bẹ́ẹ̀, ìdánwò ni a fi ń mọ ìwọ̀n tó péye. A ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwọ̀n kékeré, a ó yin ọta márùn-ún sí àmì kan, kí a tó fi díẹ̀ kún ẹ̀tù. Ohun kan ṣoṣo ni a ń yí padà lẹ́ẹ̀kan. Ìwọ̀n tí ojú ọta rẹ̀ sún mọ́ra jù lọ ni a ó mú. A kò gbọdọ̀ kọjá ìwọ̀n tí ẹni tó rọ ìbọn náà fi lélẹ̀, ọta sì gbọ́dọ̀ jókòó pinpin lórí ẹ̀tù; bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀pá lè bẹ́ mọ́ ọdẹ lọ́wọ́.