Ògiri Amọ̀ tí Òjò Bà Jẹ́, àti Bí a ti Í Tún Un Ṣe

Nígbà tí òjò bá ti dáwọ́ dúró nínú oṣù kọkànlá, tí ọyẹ́ kò sì tíì mú gan-an, ó yẹ kí ẹ fi òwúrọ̀ ọjọ́ kan sílẹ̀ láti yí ilé yín ká, àti ilé tí ẹ ń sùn, àti èyí tí ẹ ń kó àgbàdo sí. Kì í ṣe iwájú ilé tí àlejò ń rí nìkan ni kí ẹ wò. Ẹ lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ sì wo ìdí ògiri láti orí ilẹ̀ títí dé ìwọ̀n orúnkún. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí ohun tí òjò ọdún yìí ṣe.

Ọ̀rọ̀ tí a ní í sọ dá lórí ògiri amọ̀ tí a fi sìmẹ́ńtì rẹ́ lójú. Ẹni tí ó fi búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì kọ́ ilé rẹ̀ lè ṣí ojú ewé yìí kọjá. Kì í ṣe òun ni à ń bá wí. Ṣùgbọ́n ilé amọ̀ ṣì pọ̀ ní àwọn abúlé wa, bí a sì ti ń tún wọn ṣe kò tọ̀nà. Bí owó kòkó tàbí owó ẹ̀gẹ́ bá wọlé, tí baálé sì rí i pé ara ògiri òun ń ṣí, ohun tí ó kọ́kọ́ ń wá sí i lọ́kàn ni láti ra àpò sìmẹ́ńtì mélòó kan, kí ó pe bíríkìlà, kí wọ́n sì bo ojú ibi tí ó ṣí. Ilé á dán. Bí ọdún méjì tàbí mẹ́ta bá kọjá, sìmẹ́ńtì náà á tún ṣí, á sì já lulẹ̀ ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, pẹ̀lú amọ̀ tí ó lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Wọn á tún ra òmíràn. Báyìí ni ògiri ń tínrín lọ tí ẹnikẹ́ni kò fura, títí di òru ọjọ́ tí ìjì ńlá yóò dé. Ní ìgbà òjò, a kì í ṣàìgbọ́ pé ògiri wó lu ẹni tí ó sùn.

Ẹ jẹ́ kí á wo ìdí rẹ̀. Bí amọ̀ bá mu omi, á wú. Bí ó bá gbẹ, á súnkì. Ní Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀, òjò tí ó ń rọ̀ lọ́dún lé ní 1,200 mìlímítà, oṣù kẹta sí oṣù kẹwàá ni ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ rọ̀ tán. Lẹ́yìn náà ni ọyẹ́ yóò dé, tí yóò fa gbogbo omi inú ògiri jáde. Nítorí náà, lọ́dọọdún ni ògiri amọ̀ ń wú tí ó sì ń súnkì. Sìmẹ́ńtì ní tirẹ̀ le, kò lè bá amọ̀ rìn ní ìrìn yìí. Bí amọ̀ bá ti súnkì kúrò lẹ́yìn rẹ̀, àlàfo yóò wà láàárín àwọn méjèèjì, ojú sìmẹ́ńtì yóò sì la ní ìlà tín-ín-rín bí irun orí. Ojú ìlà yìí ni omi òjò ń gbà wọlé. Ògiri amọ̀ tí kò ní ìbora ì bá gbẹ bí oòrùn bá ti yọ, ṣùgbọ́n èyí tí sìmẹ́ńtì bò kò rí ọ̀nà tí omi náà yóò gbà jáde. Omi yóò máa rọra sọ̀ kalẹ̀ sí ìdí ògiri, amọ̀ ibẹ̀ yóò rọ̀ bí ẹ̀bà, ojú sìmẹ́ńtì lóde yóò sì máa dán bí ẹni pé kò sí ohun tí ó ń ṣe é. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ fún yín pé kì í ṣe àìtó sìmẹ́ńtì ni ó ba ògiri náà jẹ́.

Àwọn baba wa sọ pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ọ́. Èkúté náà kò ní ráyè. Ẹ rántí pé èkúté ni ó ń gbé àrùn ibà Lásà kiri, èyí tí a kọ́kọ́ dá mọ̀ ní ìlú Lassa ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn ilẹ̀ wa ní 1969, tí ó sì ń yọ ìpínlẹ̀ Oǹdó lẹ́nu gidigidi ní òde òní. Àgbàdo tí a sì gbé ti ògiri tútù, bí ó tilẹ̀ gbẹ dáadáa nígbà tí a kó o wọlé, yóò fa omi láti ara ògiri, yóò sì bu. Títí ẹ ó fi tún ògiri náà ṣe, ẹ gbé àpò kúrò lára rẹ̀ ní ìwọ̀n apá kan, kí ẹ sì tẹ́ pákó sí abẹ́ wọn.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ kò ní amọ̀ nínú rárá. Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ wá ọ̀nà fún. Ẹ wo etí òrùlé. Òrùlé koríko ti àtijọ́ máa ń yọ síta dáadáa, ó sì máa ń bo ògiri bí ìgbà tí ènìyàn dé akẹ̀tẹ̀. Pánù ní tirẹ̀ wọ́n, gbẹ́nàgbẹ́nà a sì máa gé e sún mọ́ ògiri kí owó má baà pọ̀. Ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ wá ń já sí ìdí ilé, ó ń ta ẹrẹ̀ sí ara ògiri, ó sì ń gbẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀. Kí etí òrùlé yọ síta tó ọgọ́ta sẹ̀ǹtímítà, ó kéré tán. Bí owó kò bá tó fún ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìhà ìlà-oòrùn, nítorí pé ìhà ibẹ̀ ni ìjì líle ti ìbẹ̀rẹ̀ òjò sábà máa ń gbà wá.

Ìgbálẹ̀ pàápàá wà nínú ẹ̀bi náà. Àgbàlá tí a ti ń gbá láràárọ̀ fún ogún ọdún, tí àgbàrá sì ń ṣàn gba ibẹ̀ kọjá, ilẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ débi pé ìpìlẹ̀ ilé ti yọ síta bí gbòǹgbò igi. Ẹ kó ilẹ̀ pupa wá, ẹ dà á sí ìdí ògiri títí yóò fi bo ìpìlẹ̀, ẹ gún un mọ́lẹ̀ dáadáa, kí ó sì dagun kúrò lára ilé kí omi lè máa ṣàn lọ. Bí òkúta bá wà nítòsí yín, ẹ tò ó sí ibi tí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ń já sí. Kí ẹ gbé balùwẹ̀ tí omi rẹ̀ ń ṣàn sí ìdí ògiri kúrò níbẹ̀, kí ẹ má sì so ewúrẹ́ mọ́ ibẹ̀, nítorí pé yóò máa fi ara ha ògiri, yóò sì máa lá a.

Nígbà tí ẹ bá ti rí sí ti omi, ẹ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ kan ara ògiri láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Ibi tí ó bá dún bí igbá òfìfo, sìmẹ́ńtì ibẹ̀ ti kúrò lára amọ̀, ẹ rọra ṣí i kúrò. Èyí tí ó ṣì lẹ̀ dáadáa, ẹ fi í sílẹ̀. Bí ẹ bá fi ipá já a, yóò fa amọ̀ tí ó dára bọ́. Lẹ́yìn èyí, ẹ má ṣe ohunkóhun. Ẹ jẹ́ kí ọyẹ́ fẹ́ sí i fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó kéré tán. Sùúrù yìí ni ó máa ń ni bíríkìlà lára jù lọ, nítorí pé ó fẹ́ gba owó rẹ̀ kí ó máa lọ. Ṣùgbọ́n amọ̀ tuntun kò lè lẹ̀ mọ́ èyí tí ó ṣì rọ̀ nínú.

Ní àsìkò tí ẹ ń dúró yìí, ẹ wo àwọn ibi tí ògiri la. Ìlà tín-ín-rín tí ó wà káàkiri ojú ògiri kò léwu. Èyí tí ó gba igun fèrèsé tàbí orí ìlẹ̀kùn gòkè, tí òkè rẹ̀ sì fẹ̀ ju ìsàlẹ̀ lọ, ni kí ẹ ṣọ́. Ẹ fi amọ̀ díẹ̀ dí i ní ibi méjì, kí ẹ sì sàmì ọjọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ó bá tún la lẹ́yìn tí amọ̀ náà ti gbẹ tán, ìpìlẹ̀ ṣì ń rìn, a kò sì lè fi rírẹ́ wò ó sàn. Ẹ so òkúta mọ́ okùn, kí ẹ sì jẹ́ kí ó rọ̀ láti orí ògiri. Bí ògiri bá ti wú síta tàbí tí ó tẹ̀ kúrò lójú okùn tó ìka ọwọ́ mẹ́rin, ẹ kó ènìyàn kúrò nínú yàrá náà kí ẹ tó ronú nípa owó. Ẹ fi igi tì í, kí ẹ sì pe mọlémọlé tí ó mọ iṣẹ́.

Amọ̀ tí ẹ ó lò ṣe pàtàkì. Ẹ má bu ilẹ̀ dúdú òkè tí a ń gbin nǹkan sí. Ẹ gbẹ́ ẹ kọjá títí ẹ ó fi dé ilẹ̀ pupa. Ẹ fi omi díẹ̀ pò ó, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ yí i bí okùn tí ó nípọn ju àtàǹpàkò lọ díẹ̀, kí ẹ sì máa rọra tì í kọjá etí tábìlì. Bí ó bá já kí ó tó yọ síta ní sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, iyanrìn ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ fi amọ̀ òkìtì ọ̀gán kún un. Bí ó bá yọ ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ kí ó tó já, amọ̀ rẹ̀ le jù, yóò sì la bí ó bá gbẹ. Ẹ fi iyanrìn kún un. Èyí tí ó bá já láàárín méjèèjì ni ó dára. Ẹ gé koríko gbígbẹ wẹ́wẹ́ sí i, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ bomi rin ín, kí ẹ sì fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó fún ọ̀sẹ̀ kan. Yóò rùn díẹ̀. Kò burú.

Ìdí ògiri tí òjò ti jẹ wọnú ni ó ń fẹ́ ọwọ́ pẹ̀lẹ́ jù lọ. Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ ni láti fi amọ̀ tútù dí ihò náà bí ó ti tóbi tó. Amọ̀ tútù yóò súnkì bí ó bá gbẹ, yóò sì kúrò lára ògiri àtijọ́, a ó wá ní ògiri méjì tí wọn kò di ara wọn mú. Kàkà bẹ́ẹ̀, ẹ fi pákó onígun mẹ́rin ṣe búlọ́ọ̀kù amọ̀ kéékèèké ṣáájú, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n gbẹ tán nínú ibòji. Ẹ gé ibi tí ó bàjẹ́ títí ẹ ó fi kan amọ̀ líle, kí ìsàlẹ̀ ihò náà tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ wọ́n omi sí i, kí ẹ to búlọ́ọ̀kù náà sínú rẹ̀ pẹ̀lú amọ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ láàárín wọn, kí ẹ sì há èyí tí ó kẹ́yìn lókè pinpin, nítorí pé òun ni yóò gbé ẹrù ògiri. Ẹ má gé ju mítà kan lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ẹ bá tún mítà kan ṣe tán, ẹ fo mítà kan tàbí méjì kí ẹ tó gé òmíràn, kí ẹ sì padà sí èyí tí ẹ fò nígbà tí ti àkọ́kọ́ bá ti le. Ẹni tí ó bá gé gbogbo ìdí ògiri lẹ́ẹ̀kan náà ń wó ilé rẹ̀ ni.

Rírẹ́ ni ó kù. Ẹ wọ́n omi sí ojú ògiri, kí ẹ fi àdá há a kí amọ̀ lè rí ibi dì mú. Kí ìpele kìn-ín-ní má nípọn ju sẹ̀ǹtímítà méjì lọ. Yóò la bí ó bá gbẹ; ẹ má ṣe dààmú. Nígbà tí ó bá gbẹ tán ni kí ẹ rẹ́ ìpele kejì, tí iyanrìn rẹ̀ pọ̀ díẹ̀ sí i, tí ó sì fẹ́lẹ́. Ìgbà ọyẹ́ ni a wà, nítorí náà òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ ṣe é, kí ẹ sì fi àpò tútù tàbí imọ̀ ọ̀pẹ bò ó lọ́sàn-án kí ó má baà gbẹ yáyá.

Àwọn mọlémọlé Hausa ní Kánò àti Sáríà ní ọgbọ́n kan tí ó yẹ kí a yá lò. Èèpo èso igi irúgbá tí àwọn obìnrin wa ń dà nù nígbà tí wọ́n bá yọ irú nínú rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní makuba. Wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi tàbí kí wọ́n sè é, omi pupa rẹ̀ ni wọ́n á sì fi pò amọ̀ tí wọn yóò fi rẹ́ ògiri, tàbí kí wọ́n wọ́n ọn sí ojú rẹ̀. Ó ń mú kí ojú amọ̀ le, kí omi má sì tètè wọ̀ ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìhà Ọ̀yọ́, Ṣakí àti Ìṣẹ́yìn kò ní wá igi náà jìnnà.

Kò sí èyí tí yóò wà títí láé nínú gbogbo rẹ̀. Ìpele òde yóò ṣí díẹ̀ lọ́dún méjì méjì tàbí mẹ́ta mẹ́ta, ẹ ó sì tún un rẹ́. Àwọn kan ń wo èyí bí àmì òṣì. Ṣùgbọ́n ní Ọ̀yọ́ nígbà àtijọ́, ọdọọdún ni àwọn ará ìlú máa ń kó koríko wá fún Aláàfin ní ọdún Bẹẹrẹ láti fi tún òrùlé ààfin bò, kò sì sí ẹni tí ó pe Aláàfin ní òtòṣì. Amọ̀ tí ẹ ó fi rẹ́ ògiri yín kò ní owó nínú. Owó sìmẹ́ńtì yín lè lọ sí ibi tí ó ti wúlò, bíi gọ́tà àti ilẹ̀ ilé ìkóǹkansí.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ nínú oṣù kẹta, bí ó bá ti dá, ẹ mú ọkọ́ kan dání kí ẹ yí ilé ká. Ibi tí omi bá dúró sí ní ìdí ògiri, ẹ gbẹ́ ojú ọ̀nà fún un kí ilẹ̀ tó ṣú.