Awò Orí Ìbọn fún Ọdẹ Orí Òkè: Yíyàn Rẹ̀ àti Yíyan Ọ̀rọ̀ fún Un

Bí ènìyàn bá fi ọ̀rọ̀ tí kò péye túmọ̀ ìtàn, òǹkàwé lè fura, kí ó sì fojú fò ó. Ṣùgbọ́n bí ó bá fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ túmọ̀ ìwé ìlò ohun èlò, ọwọ́ ẹni tí ó ń lo ohun èlò náà ni àṣìṣe yóò ti hàn. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olótùú rẹ̀, tí ó jáde ní 1984, dá lórí ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni. Kò sí ìdí tí yóò fi dé orí ìbọn. Àwa fẹ́ gbìyànjú níbẹ̀, kí a sì fi awò tí àwọn ọdẹ ń dè mọ́ orí ìbọn láti fi wo ẹran tí ó jìnnà ṣe àpẹẹrẹ, pàápàá jù lọ èyí tí ó fúyẹ́.

Ọdẹ tiwa tí ó gbé ṣakabùlà tàbí ìbọn olójú méjì wọ igbó kìjikìji kì í sábà ríran jìnnà níwájú, nítorí náà ojú lásán tó o. Ọ̀rọ̀ yàtọ̀ ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, ní àwọn òkè Rocky tí ó gba Colorado àti Wyoming kọjá. Níbẹ̀, ọdẹ lè fi ẹsẹ̀ gun òkè tí ó ga ju 3,000 mítà lọ, pẹ̀lú àgọ́, oúnjẹ àti aṣọ òtútù ní ẹ̀yìn rẹ̀, kí ó tó rí elk, ìyẹn irú àgbọ̀nrín ńlá kan, tí ó ń jẹko ní òdì kejì àfonífojì ní 300 tàbí 400 mítà. Awò kan wà tí kò wúwo ju 350 gíráàmù lọ. Òmíràn wà tí ó ju kílógíráàmù kan. Ẹni tí ó bá gbé èkejì gun òkè fún ọjọ́ márùn-ún ni ó mọ ìyàtọ̀ wọn.

Ibi àkọ́kọ́ tí olùtúmọ̀ ti lè ṣubú nìyí. Ọ̀rọ̀ kan náà ni Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún ohun tí ó fúyẹ́ àti fún ìmọ́lẹ̀. Ẹni tí kò bá fara balẹ̀ yóò kọ “awò ìmọ́lẹ̀”, bẹ́ẹ̀ ni awò kan sì wà ní tòótọ́ tí iná kékeré ń tàn nínú rẹ̀. Bátìrì àti ẹ̀rọ iná náà a máa fi kún ìwúwo. Ẹni tí ó ń wá èyí tí ó fúyẹ́ yóò wá ra èyí tí ó wúwo! “Awò fífúyẹ́” ni kí a máa kọ. Bákan náà, “ọdẹ òkèèrè” kò dára tó, nítorí ó lè túmọ̀ sí ọdẹ tí ó lọ sí ilẹ̀ mìíràn. “Ìyìnbọn láti ọ̀ọ́kán” ni a fara mọ́. Àmì ohùn pẹ̀lú kì í ṣe ohun àmúṣeré: awò, àwo, awo àti awọ kì í ṣe ọ̀kan náà.

Bí awò náà ṣe ń sọ ẹran di ńlá ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní agbára rẹ̀. A kò fẹ́ ọ̀rọ̀ yìí rárá, nítorí pé ta ni yóò rí agbára púpọ̀ tí yóò yan díẹ̀? “Ìsọdińlá” ni kí a pè é. Bí ìsọdińlá bá jẹ́ 10, ẹran tí ó wà ní 400 mítà yóò dàbí ẹni pé ó wà ní 40 mítà. Ṣùgbọ́n bí ìsọdińlá bá ti ń pọ̀ sí i, ibi tí ojú lè rí lẹ́ẹ̀kan náà ń dín kù, gbígbọ̀n ọwọ́ ń hàn sí i, ìmọ́lẹ̀ sì ń dín kù. Bí a bá fi ìsọdińlá pín ìdábùú awò iwájú, a ó mọ ìdábùú òbìrìkìtì ìmọ́lẹ̀ tí ń jáde sí ojú. Awò iwájú tí ìdábùú rẹ̀ jẹ́ 40 mìlímítà, pẹ̀lú ìsọdińlá 8, yóò fún wa ní 5 mìlímítà. Ní ìsọdińlá 20, 2 péré. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọlójú ọ̀dọ́ lè ṣí tó 7 mìlímítà nínú òkùnkùn, ti àgbàlagbà sì lè má ju 5 lọ. Òfin Colorado gba ọdẹ láàyè láti yìnbọn sí ẹran ńlá láti ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú kí oòrùn tó yọ títí di ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn tí ó bá wọ̀. Àsìkò tí ẹran ń jáde nìyẹn, òun náà sì ni àsìkò tí ẹni tí ó ra “agbára” púpọ̀ kì yóò rí nǹkan kan.

Èyí tí ó léwu jù ni àyè tí ó gbọ́dọ̀ wà láàárín ojú ọdẹ àti awò ẹ̀yìn, tí ó sábà máa ń wà láàárín 8 sí 10 sẹ̀ntímítà. Ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe àyè yìí jọ èyí tí ó ń lò fún ìtura, nítorí náà kò ní ya ènìyàn lẹ́nu bí olùtúmọ̀ kan bá kọ “ìtura ojú”, bí ẹni ń polówó oògùn. Ìtura kọ́ ni ọ̀rọ̀ wà. Nígbà tí ìbọn bá dún, yóò ta padà sẹ́yìn, bí ìbọn àti awò bá sì ṣe fúyẹ́ tó ni yóò ṣe ta padà kíákíá tó. Bí àyè náà kò bá tó, etí awò yóò lu igun ojú ọdẹ, yóò sì bẹ́ ẹ. “Àyè ojú” ni a dábàá. Ẹni tí ó bá ń dín ìwúwo kù kò gbọdọ̀ dín àyè ojú kù pẹ̀lú rẹ̀. Lójú tiwa, èyí ṣe pàtàkì ju ìsọdińlá lọ.

Ọta kì í lọ tààrà, nítorí pé òòfà ilẹ̀ ń fà á sílẹ̀. Bí a bá ti ṣe ìbọn kí ọta bá ojú àmì ní 200 mítà, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọta tí wọ́n ń lò níbẹ̀ yóò ti lọ sílẹ̀ tó 50 sẹ̀ntímítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní 400 mítà. Kò ní ba ọkàn tàbí ẹ̀dọ̀fóró mọ́. Ó lè ṣẹ́ ẹsẹ̀ ẹran, kí ẹran náà sì sá lọ kú síbi tí ẹnikẹ́ni kò ní rí i. Nítorí èyí ni bọ́tìnnì kan ṣe wà lórí awò tí ń dún bí a bá ti ń yí i. “Ìdún” ni a pe ìgbésẹ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan (ẹ má gbàgbé àmì orí rẹ̀, kí ìdun inú ẹní má baà jáde). Nínú ọ̀pọ̀ awò Amẹ́ríkà, ìdún kan jẹ́ ìdá mẹ́rin ìdá-ọgọ́ta dígírì. A kò pè é ní ìṣẹ́jú, nítorí ọ̀rọ̀ àkókò ni ìyẹn lójú ẹni tí kò ka jáà. Ìdún kan jẹ́ nǹkan bí 7 mìlímítà ní 100 mítà, 29 ní 400 mítà. Nípa bẹ́ẹ̀, ìdún 17 ni yóò tún 50 sẹ̀ntímítà ṣe.

Ó ku ohun tí a pè ní “ìyẹ̀ àmì”. Ẹ na àtàǹpàkò síwájú, kí ẹ di ojú kan, kí ẹ sì mi orí díẹ̀: yóò dàbí ẹni pé àtàǹpàkò náà ń yẹ̀ kúrò níwájú ògiri. Bẹ́ẹ̀ ni àmì inú awò ń ṣe bí ojú kò bá wà ní àárín gbùngbùn. Nínú awò oní-40 mìlímítà tí a ṣe déédéé sí 100 mítà, ìyẹ̀ náà kò lè ju 6 sẹ̀ntímítà lọ ní 400 mítà. Ohun èlò kan wà tí ń tún un ṣe, ṣùgbọ́n ó ń fi kún ìwúwo. Àwa yóò fi í sílẹ̀ fún ẹni tí kì í yìnbọn kọjá 400 mítà, kí a sì yan awò iwájú 40 mìlímítà, ọ̀pá 25.4 mìlímítà dípò 30, àti ìsọdińlá tí kò kọjá 10. Ìdún tí ó dájú ni a kò ní yọ. Ẹni tí ó bá ń wá ìsọdińlá 25 kí ó lè yìnbọn sí ẹran ní 800 mítà, kì í ṣe awò fífúyẹ́ ni ó ń wá, bóyá “ọdẹ” sì ni ó yẹ kí a pè é, a fi ìyẹn sílẹ̀ fún àwọn òǹkàwé wa láti jíròrò.