Ìwé Ìbí Ọmọ tí a Bí sí Òkèèrè: Ohun tí ó Yẹ kí Òbí Mọ̀

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí kan àwọn òbí tí wọ́n bí ọmọ sí òkèèrè ju bí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti lérò lọ. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Nàìjíríà ni ó ń gbé ní ilẹ̀ Bìrìtéènì láti kàwé tàbí láti ṣiṣẹ́, tí wọ́n sì ń bímọ níbẹ̀. Nígbà tí ó bá di ọjọ́ kẹjọ, wọn a sọ ọmọ lórúkọ, àwọn òbí àgbà nílé a sì fi orúkọ tiwọn ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan wà tí ọ̀pọ̀ òbí máa ń fi falẹ̀ títí ọ̀ràn yóò fi le. Iṣẹ́ náà ni pé kí a mú ìwé ìbí ọmọ lọ síwájú àwọn aláṣẹ Nàìjíríà, kí orúkọ rẹ̀ lè wọ inú àkọsílẹ̀ ilẹ̀ àwọn òbí rẹ̀.

OHUN TÍ ÌWÉ ÌBÍ KÒ SỌ

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ ni èrò pé ọmọ tí ó bá ti ní ìwé ìbí Bìrìtéènì ti di ọmọ ilẹ̀ náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1983, nígbà tí òfin tí wọ́n ṣe ní 1981 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọmọ kì í dédé di ọmọ Bìrìtéènì nítorí ibi tí a bí i sí nìkan. Ohun tí òfin náà ń wò ní pàtàkì ni bóyá baba tàbí ìyá jẹ́ ọmọ ilẹ̀ náà nígbà tí a bí ọmọ, tàbí bóyá ọ̀kan nínú wọn ní àṣẹ láti máa gbé níbẹ̀ láìsí gbèdéke ọjọ́.

Ìwé ìbí ń jẹ́rìí sí ọjọ́ tí a bí ọmọ àti ibi tí a bí i sí. Kò sọ ilẹ̀ tí ó ni ọmọ. A tilẹ̀ tẹ̀ ẹ́ sí ara ìwé ìbí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé kì í ṣe ẹ̀rí ìdánimọ̀ ẹni.

Ẹ̀TỌ́ TÍ ỌMỌ JOGÚN

Òbí ni òfin Nàìjíríà ń wò. Abala 25 nínú ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ pé ẹni tí a bí sí ẹ̀yìn odi, tí baba tàbí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Nàìjíríà ni nípa ìbí. Kò rí báyìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Nàìjíríà gba òmìnira ní 1960, baba nìkan ni òfin wò fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀; ìwé òfin ọdún 1979 ni ó fi ìyá sí ipò kan náà pẹ̀lú baba. Abala 28 sì gbà kí ọmọ Nàìjíríà nípa ìbí jẹ́ ọmọ ilẹ̀ mìíràn pẹ̀lú, láìpàdánù ti Nàìjíríà.

Nítorí náà, kì í ṣe ọ́fíìsì kankan ni ó ń fún ọmọ ní ẹ̀tọ́ yìí. Ó ti ní i láti ọjọ́ tí a ti bí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ tí kò ní ìwé nínú ṣòro láti fi hàn. Bí àpẹẹrẹ, kí a sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Ìjẹ̀bú-Òde àti aya rẹ̀ bí ọmọ sí Manchester. Kò sí ẹni nínú wọn tí ó ní àṣẹ àtigbé láìsí gbèdéke, nítorí náà ọmọ wọn kò lè gba ìwé ìrìnnà Bìrìtéènì. Wọn kò sì tíì gba ti Nàìjíríà fún un. Lọ́jọ́ tí ìròyìn bá dé pé ìyá àgbà ti ṣaláìsí, baba àti ìyá lè wọ ọkọ̀ òfurufú wálé sin òkú, ṣùgbọ́n ọmọ kò lè bá wọn wá, nítorí kò ní ìwé ìrìnnà ilẹ̀ kankan. Lóòótọ́, bí ọmọ náà bá gbé ọdún 10 àkọ́kọ́ ayé rẹ̀ ní Bìrìtéènì, òfin ibẹ̀ fún un láàyè láti forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ ilẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n ọdún 10 ti pẹ́ jù fún ọmọ láti wà láìní ìwé.

ÌGBÉSẸ̀ MẸ́TA

Ìgbésẹ̀ kìíní wà lọ́dọ̀ akọ̀wé ìforúkọsílẹ̀ ìbí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Wales àti Àríwá Ireland, ọjọ́ 42 ni òfin fi sílẹ̀ fún òbí. Ní Scotland, ọjọ́ 21 ni. Irú ìwé ìbí méjì ni ó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Èyí tí ó kúrú kò ní orúkọ òbí nínú. Èyí tí ó kún ni a kọ orúkọ baba àti ìyá sí, pẹ̀lú ibi tí a bí wọn sí. Èyí tí ó kún ni kí òbí gbà, nítorí pé nípasẹ̀ òbí ni ọmọ fi ń jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Bí baba àti ìyá kò bá tíì ṣe ìgbéyàwó, orúkọ baba kì í dédé wọ inú ìwé náà. Ó sàn kí àwọn méjèèjì jọ lọ síwájú akọ̀wé.

Orúkọ ni ó sábà máa ń dá wàhálà sílẹ̀. Òbí lè ti kọ orúkọ kan sílẹ̀ kí èyí tí bàbá àgbà fi ránṣẹ́ tó dé, kí gbogbo ilé sì máa fi èkejì pe ọmọ títí tí yóò fi wọ ilé ẹ̀kọ́. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales gbà kí a fi irú orúkọ bẹ́ẹ̀ kún àkọsílẹ̀ láàárín oṣù 12 sí ọjọ́ tí a forúkọ ọmọ sílẹ̀. Ó yẹ pẹ̀lú kí orúkọ òbí nínú ìwé ìbí bá èyí tí ó wà nínú ìwé ìrìnnà wọn mu, lẹ́tà sí lẹ́tà.

Ìgbésẹ̀ kejì ni gbígba nọ́ḿbà ìdánimọ̀ Nàìjíríà, èyí tí àjọ tí òfin ọdún 2007 dá sílẹ̀ ń fún àwọn ọmọ Nàìjíríà nílé àti lẹ́yìn odi. Ìgbésẹ̀ kẹta ni gbígba ìwé ìrìnnà Nàìjíríà fún ọmọ, nípasẹ̀ ilé aṣojú Nàìjíríà ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Òbí yóò fi ìwé ìbí tí ó kún hàn, pẹ̀lú ìwé ìrìnnà Nàìjíríà tirẹ̀ àti lẹ́tà ìfọwọ́sí òbí. Bí ọ́fíìsì kan ní Nàìjíríà bá fẹ́ gba ìwé ìbí náà, ó lè béèrè pé kí iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ti Bìrìtéènì kọ́kọ́ fi òǹtẹ̀ jẹ́rìí sí i; ó yẹ kí òbí béèrè èyí ṣáájú, kí ó má baà rin ìrìn àjò lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀NÀ TÍ KÒ TỌ́

Àwọn kan a máa gbé ọmọ wálé, wọn a sì lọ gba ìwé ìbí mìíràn tí ó sọ pé Abẹ́òkúta tàbí Ìbàdàn ni a bí i sí. Ewu ńlá ni èyí. Àwọn ọmọ tí a bí ní Nàìjíríà ni Àjọ Ètò Ìkànìyàn ń fún ní irú ìwé bẹ́ẹ̀, lábẹ́ Òfin 69 ti ọdún 1992, tí ó fi ọjọ́ 60 sílẹ̀ fún ìforúkọsílẹ̀. A kì í bí ènìyàn kan sí ìlú méjì. Bí ìwé méjì bá tako ara wọn, ọmọ náà ni yóò máa wí àwíjàre níwájú ilé ẹ̀kọ́ gíga àti agbanisíṣẹ́, lórí irọ́ tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú rẹ̀. Kò sì sí ìdí fún irọ́ náà, nítorí ìwé ìbí Manchester kò sọ ọmọ Ìjẹ̀bú di àjèjì nílé baba rẹ̀.

Kí orúkọ tí ó wà nínú ìwé ìbí àti èyí tí ó wà nínú ìwé ìrìnnà jẹ́ ọ̀kan náà, kí òbí sì gba méjèèjì nígbà tí ọmọ ṣì wà ní jòjòló. Òbí tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti ṣí ọ̀nà ilé sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀.