Sányán: Ìwà Rẹ̀ àti Ìtọ́jú Rẹ̀

Ní ọjọ́ ìnáwó ní Ìrémọ a máa ń rí àwọn àgbà nínú agbádá sányán, aṣọ tí àwọn baba wa ń pè ní baba aṣọ. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni ó mọ bí a ti ń fọ̀ ọ́? Ní ilé kan tí a mọ̀, àwọn ọmọ rẹ agbádá tí baba wọn fi sílẹ̀ fún wọn sínú omi gbígbóná pẹ̀lú ọṣẹ líle, wọ́n fún un, wọ́n sì sá a sí oòrùn ọ̀sán. Dídán rẹ̀ lọ, ó sì ya ní èjìká. Àìmọ̀ ni ó bà á jẹ́.

Igi ni ó ń so òwú, ṣùgbọ́n ara kòkòrò ni ṣẹ́dà ti ń jáde. Kòkòrò ti ilẹ̀ Ṣáínà a máa fi fọ́nrán kan ṣoṣo, tí ó lè gùn tó 1,000 mítà, yí ara rẹ̀ ká. Ti ilẹ̀ wa, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Anaphe, a máa kóra jọ ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ́ ilé kan sórí igi inú igbó. A ó sè ilé náà nínú omi eérú kí ohun tí ó dà bí àtè lára rẹ̀ lè yọ́ dànù. A ó ṣàn án, a ó sì ran án bí a ti í ran òwú.

Nítorí náà, ṣẹ́dà bá irun orí wa tan. Ẹ fi iná ran fọ́nrán sányán kan: òórùn irun tí ó jóná ni ẹ ó gbọ́. Bí ó bá jó bí ìwé, òwú tí a pa láró ni. Ṣẹ́dà lè fa omi tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́ta ìwọ̀n ara rẹ̀ láì dà bí ohun tútù lára ẹni tí ó wọ̀ ọ́.

Bóyá ẹnìkan yóò bi wá pé: bí a bá ti sè é nínú omi eérú rí, èéṣe tí ọṣẹ líle fi ń bà á jẹ́? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé àtè ni omi eérú kọ́kọ́ jẹ. Nígbà tí àtè bá tán, fọ́nrán gan-an ni omi líle yóò dojú kọ.

Ẹ jẹ́ kí a fi omi tútù àti ọṣẹ tí kò le fọ̀ ọ́. Kí a má ṣe fún un, nítorí agbára rẹ̀ a máa dín kù nígbà tí ó bá tutù. Kí a fi aṣọ mímọ́ gba omi ara rẹ̀, kí a sì sá a sí ibòji. Bí a bá fẹ́ lọ̀ ọ́, kí áyọ́ọ̀nù má gbóná jù, kí ó sì jẹ́ ẹ̀yìn aṣọ ni a ó lọ̀. Kí a má ṣe kó o pamọ́ pẹ̀lú òógùn, nítorí òógùn a máa jẹ ẹ́, àwọn kòkòrò mìíràn a sì máa wá a wá.

Àwa tí a ó di olùkọ́, ẹ jẹ́ kí a kọ́ àwọn ọmọ ní èyí, kí ogún baba má baà parun nínú agbada ìfọṣọ.