Ìlà Mélòó Ló Wà Lójú-Ewé Àlùkùránì Ọmọ Yín?

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá tí ẹ ní ọmọ nílé-kéú, nígbà tí ẹ bá fẹ́ ra Àlùkùránì fún un, ẹ má ṣe wo ẹwà èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan. Ẹ ṣí i, kí ẹ ka iye ìlà tí ó wà lójú-ewé kan. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kan náà ni gbogbo wọn, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe tò ó sójú-ewé kò dọ́gba, olúkúlùkù ètò náà ló sì ní ẹni tí ó yẹ.

Èyí tí ó gbajúmọ̀ púpọ̀ lónìí ni ti Mẹ̀dínà. Uthman Taha, ará Síríà, ni ó fi ọwọ́ kọ ọ́. Ilé ìtẹ̀wé Ọba Fahd, tí wọ́n ṣí ní Mẹ̀dínà ní 1984, ni ó ń tẹ̀ ẹ́. Ojú-ewé 604 ni. Yàtọ̀ sí méjì àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, ìlà 15 ni ojú-ewé kọ̀ọ̀kan. Ibi tí áàyà bá parí sí ni ojú-ewé ń parí sí. Ọmọ tí ń kọ́ ọ sórí yóò fi etí gbà á, yóò sì fi ojú gbà á pẹ̀lú: ó mọ̀ pé Áyátùlú-Kúrúsíyù wà lójú-ewé 42, àti pé ojú-ewé 440 ni Yásínì ti bẹ̀rẹ̀.

Wàyí o, bí ẹ bá lọ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní oníìlà 13 tàbí 16, irú èyí tí wọ́n ń lò ní Íńdíà àti Pakísítánì, áàyà tí ó mọ̀ sí ìsàlẹ̀ yóò ti bọ́ sí òkè. Yóò máa kọsẹ̀, ẹ ó sì máa pè é ní olódo. Kì í ṣe olódo. Ilé tí ó mọ igun rẹ̀ ni ẹ kó o kúrò.

Oníìlà 13 náà kì í ṣe ohun àfiṣòfò. Lẹ́tà rẹ̀ tóbi, ó dára fún ìyá àgbà tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Bàbá tí ó ń wá ìtumọ̀, kí ó ra èyí tí Lárúbáwá àti Yorùbá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ní ti àwọn Àáfà àtijọ́ ilẹ̀ wa, ti Warsh ni wọ́n ń kà, ewé rẹ̀ kò sí ní rírán pọ̀, inú àpò awọ ni ó ń gbé. Áàyà 6,214 ni wọ́n ń kà nínú rẹ̀, 6,236 sì ni ti Mẹ̀dínà yìí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé a yọ ọ̀rọ̀ kúrò. Ibi tí wọ́n ka òpin áàyà sí ni ó yàtọ̀.

Nínú fóònù pàápàá, òmíràn a máa fi ojú-ewé 604 hàn bí ó ti rí, òmíràn a sì máa to áàyà tẹ̀lé ara wọn láìní ojú-ewé. Èyí kejì dára fún kíkà, kò dára fún àkọ́sórí.

Nítorí náà, ẹ bi Àáfà ọmọ yín léèrè èyí tí wọ́n ń lò. Irú rẹ̀ ni kí ó wà nílé àti nínú fóònù. Bí ó bá gbó, irú rẹ̀ náà ni kí ẹ fi rọ́pò, títí ọmọ yóò fi parí. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí kéú àwọn ọmọ wa wúlò fún wọn. Àmín.