Yíyan Ètò Kọ̀ǹpútà fún Fídíò Dróònù

Ẹni tí ó bá fẹ́ yan ètò tí yóò fi máa gé fídíò dróònù, tí yóò sì fi máa tò ó, kí ó kọ́kọ́ ro ti àwọ̀. Ọ̀pọ̀ dróònù lè ya fídíò tí ó rí bí aṣọ tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá. Èyí kì í ṣe àbùkù, bí ó tilẹ̀ ń já ẹni tí kò rí i rí láyà. A ṣe é bẹ́ẹ̀ kí àwọsánmà funfun àti òjìji abẹ́ igi má baà sọnù. Ẹni tí ń tò ó ni yóò dá àwọ̀ náà padà.

DaVinci Resolve ta yọ níhìn-ín, nítorí àtúnṣe àwọ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, kí Blackmagic Design ti Ọsirélíà tó ra ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é ní 2009. Ó ní ẹ̀dà ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà alágbára ni ó ń fẹ́. Bí fídíò bá ń dúró gírígírí lójú kọ̀ǹpútà, kí oníṣẹ́ mú kí ètò náà ṣe ẹ̀dà fífúyẹ́, kí ó fi èyí ṣiṣẹ́, kí ó sì padà sí ojúlówó nígbà tí ó bá ń gbé e jáde.