Ọmọ SS méjì nínú ilé kan: ṣé irọ́ ni dókítà pa ni?

Bí ọkọ bá jẹ́ AS, tí ìyàwó náà jẹ́ AS, dókítà á ní ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé kí ọmọ wọn jẹ́ SS, ìyẹn ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Ọ̀pọ̀ gbà pé nínú ọmọ mẹ́rin, ẹyọ kan péré ni yóò jẹ́ SS. Bí èkejì bá tún jẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn kan á ní irọ́ ni dókítà pa, àwọn mìíràn á máa fi ojú burúkú wo ìyá ọmọ.

Bẹ́ẹ̀ kọ́. S kan wá láti ọ̀dọ̀ bàbá, ìkejì láti ọ̀dọ̀ ìyá. Oyún kọ̀ọ̀kan ló sì ní ìdá kan nínú mẹ́rin tirẹ̀. Bí 100 irú ilé bẹ́ẹ̀ bá bí ọmọ mẹ́rin-mẹ́rin, ìṣirò fi hàn pé nǹkan bíi 32 kò ní bí SS rárá, 42 yóò bí ẹyọ kan, 21 yóò bí méjì, 5 yóò bí mẹ́ta tàbí mẹ́rin.

Báwo la ṣe ń dán irú ìṣirò yìí wò? Ní 1866, Gregor Mendel ti ìlú Brno tẹ àbájáde iṣẹ́ tó ṣe lórí ẹ̀wà pea jáde. Àwọn ẹ̀wà tó gbé àbùdá híhunjọ pamọ́ sára, bí AS ṣe gbé S pamọ́, so èso 7,324. Èso 1,850 ló hunjọ. Ìdá kan nínú mẹ́rin jẹ́ 1,831. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 19. Ṣé ó pọ̀ jù?

Ní 1900, Karl Pearson gbé òṣùwọ̀n chi-square kalẹ̀. A ó sọ 19 di ìlọ́po 19, a ó pín in fún 1,831. A ó ṣe bákan náà fún àwọn tí kò hunjọ, 5,493. A ó ro méjèèjì pọ̀. Ó jẹ́ 0.26. Àfi bó bá kọjá 3.84 la tó máa fura sí ìṣirò náà. Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n yìí ń fẹ́ kí iye tí a retí ní ìhà kọ̀ọ̀kan tó 5 ó kéré tán, ìyẹn ni pé ọmọ gbọ́dọ̀ tó 20. Ọmọ mẹ́rin inú ilé kan kò lè da dókítà lẹ́jọ́.

Ọkùnrin kan fura nítorí àwọ̀ ọmọ tí ìyàwó rẹ̀ bí. Ànọ́bì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, bi í léèrè bí ràkúnmí aláwọ̀ eérú ṣe jáde láàrin àwọn ràkúnmí rẹ̀ pupa. Ó ní bóyá ìran ló fà á. Bùhárì àti Múslìm gbà á wá.

Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wa ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí a tó so yìgì. Bí ọmọ SS bá sì ti dé, ìtọ́jú rẹ̀ ló kàn, kì í ṣe ẹ̀sùn.